Òróró Lára Irin Bíréèkì

Ìyá Dúrótoyè kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ìyẹn lélẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo kórìíra rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń wọ sùtánà funfun nínú ìjọ Aládùúrà wọn nílùú Ìdànrè, bó sì ṣe ń gbààwẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀ náà ló ń gbà á fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, Màmá á ti débẹ̀ kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n ó ní àìsàn kan tí òróró ò wò sàn: kò lè la ẹnu rẹ̀ kó ní òun ṣàṣìṣe. Kàkà kó sọ pé "mo ṣì í", á kúkú bá ọ fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọmọ rẹ̀ Dúrótoyè ló ra ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Tòkunbọ̀ ni, bọ́ọ̀sì kékeré onílẹ̀kùn àfàṣí lọ́tùn-ún lósì, irú èyí tí àwọn tó ṣe é ṣe fún bàbá, ìyá àti ọmọ. Dúrótoyè ní tirẹ̀ sọ ọ́ di ọkọ̀ oko. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kòkó ló ń fi í kó láti oko rẹ̀ lọ́nà Ofosu. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Àrìnkẹ́ á gbá inú rẹ̀, á to ìjókòó padà, á sì kó àwọn ọmọ sí i. Ọkọ̀ Nóà ni àwọn ará ìjọ ń pè é, torí pé kò sí ẹ̀dá tí kì í gbé. Bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn ńkọ́? Dúrótoyè ti gé gbogbo rẹ̀ fi di ẹnu àpò kòkó. Ilẹ̀kùn òsì ti há pátápátá. Ti ọ̀tún, ìta nìkan lèèyàn ti lè ṣí i, torí pé ọwọ́ tó wà nínú ti kán látèṣí. Ẹ bá sọ fún wọn pé kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n á ní, "Ṣebí ó ṣì ń rìn?" Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Ṣé gbogbo ohun tó bá ti ń rìn lara rẹ̀ le ni?

Bíréèkì ló ń da Àrìnkẹ́ láàmú jù, torí pé òun ló ń wa ọkọ̀ náà lópin ọ̀sẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, á máa ké bí ọ̀bọ. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n kó àwọn ọmọ ìjọ lọ sí Àkúrẹ́ fún ìdíje Bíbélì, ó fàáké kọ́rí: bí wọn ò bá tún bíréèkì ṣe, òun ò wa ọkọ̀ lọ ibì kankan. Ni wọ́n bá pe Olútúndé mẹkáníìkì wá sí iwájú ilé.

Olútúndé tú táyà iwájú méjèèjì, ó yọ páàdì tó ti jẹ tán, ó fi tuntun sí i. Ìyá Dúrótoyè gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá.

"Èwo gan-an ló ń dá ọkọ̀ yìí dúró nínú gbogbo irin wọ̀nyí?"

Olútúndé fi ìka kan irin pẹlẹbẹ kan tó rí róbótó bí àwo, tó ń dán. "Eléyìí ni, Màmá. Páàdì á gbá a mú, táyà á sì dúró."

"Eléyìí nìkan?"

"Tẹ̀yìn náà ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n inú irin tó dà bí agolo ló wà, ẹ ò lè rí i. Iwájú yìí lagbára wà."

Màmá mi orí. Ibí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fọkàn bá mi lọ. Nínú ìjọ wọn, bí ọkọ̀ bá fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn, wọ́n máa ń fi òróró àdúrà kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìka kan ni wọ́n ń tì bọ òróró, wọ́n á fi kan rọ́bà táyà, ó parí, kò pa ẹnikẹ́ni lára rí. Ṣùgbọ́n Ìyá Dúrótoyè ti gbẹ̀kọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì báyìí. Bó bá jẹ́ pé irin yẹn ló ń dá ọkọ̀ dúró, kí ni wọ́n wá ń fi òróró pa rọ́bà fún? Ó ní ìdí ọ̀rọ̀ gan-an ló yẹ kí òróró dé.

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni tó jí, Màmá bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó mú ìgò òróró ólífì tí wòlíì ti gbàdúrà sí, ó kúnlẹ̀ nídìí táyà ọ̀tún níwájú. Ó ti ẹnu ìgò náà bọ ihò ríìmù, ó sì da òróró lé irin tó ń dán yẹn lórí. Bó ṣe ń dà á ló ń pe orúkọ àwọn ọmọ náà: Ìníolúwa, Olúwapamílẹ́rìn, àti àwọn márùn-ún tó kù. Ó bọ́ sí táyà òsì, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìfẹ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìfẹ́ ni kò jẹ́ kó ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù sínú ìgò náà.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Dúrótoyè ti wà lóko ní tiẹ̀. Màmá wà níwájú pẹ̀lú sùtánà rẹ̀ tó funfun nini. Ọmọ méje ló wà lẹ́yìn, èyí tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìníolúwa, ọmọ Àrìnkẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ń darí wọn bí wọ́n ṣe ń ka ẹsẹ Bíbélì sórí. Àbúrò rẹ̀ Pamílẹ́rìn, ọmọ ọdún méje, rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga ìyá àgbà rẹ̀. Àrìnkẹ́ fa ilẹ̀kùn pa láti ìta, ó wọlé, ó sì ṣíná.

Kò tíì kúrò láàárín ìlú tó ti fura. Ọlọ́kadà kan bọ́ sí iwájú rẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà yọ̀ lọ díẹ̀ kó tó dúró. Ọlọ́kadà náà bú u, ó sì gba tiẹ̀ lọ.

"Páàdì tuntun kẹ̀?" ni Àrìnkẹ́ wí.

"Bí nǹkan tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni Màmá dá a lóhùn. "Fara balẹ̀."

Nígbà tí wọ́n fi máa dé Atosin, èéfín ti ń rú ní táyà iwájú. Àrìnkẹ́ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Màmá náà sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òórùn tó ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe òórùn rọ́bà.

"Màmá, òróró ló ń rùn yìí o. Ó ń rùn bí ìgbà tí wọ́n ń dín nǹkan."

Ìyá Dúrótoyè rí i kedere láti ibi tó dúró sí: òróró ń dán nínú ihò ríìmù, ó ti ṣàn dé ara táyà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò mọ̀. Ojú ẹsẹ̀ yẹn ló ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tí wọ́n fi ń jẹ́wọ́ wúwo lẹ́nu ẹni tí kò lò ó rí. Ó na ọwọ́ sí obìnrin kan tó ń dín àkàrà lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ṣé o ò rí alákàrà ni?"

Àrìnkẹ́ wo alákàrà náà, ó tún wo táyà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó pe Olútúndé lórí fóònù, ó sì ṣí i sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni Olútúndé wí. "Ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wọ inú páìpù. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ máa tẹ bíréèkì léraléra, á gbé yín dé Àkúrẹ́, màá wá bá yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ará ilé o: ṣé ẹnikẹ́ni da epo, gírísì tàbí òróró sídìí táyà yẹn? Torí tó bá jẹ́ òróró, ẹ sọ àwọn ọmọ kalẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà yẹn. Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú yín yẹn, bíréèkì olóròóró kan ò lè gbé yín sọ̀ ọ́."

Àrìnkẹ́ yíjú padà. "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jí. Ṣé ẹ rí ẹnikẹ́ni nídìí ọkọ̀ láàárọ̀?"

Ọmọ méje ló ń wo Ìyá Dúrótoyè láti ojú fèrèsé. Ó kàn yẹ kó sọ gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan ló wá sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rí Olútúndé tó ń rẹ́rìn-ín òun káàkiri gáréèjì. Ó rí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Màmá fi òróró ba ọkọ̀ jẹ́. Èyí tó dùn ún jù ni Àrìnkẹ́ fúnra rẹ̀, ọmọ àwọn Áńgílíkà, olùkọ́ tó kàwé dé yunifásítì, tó máa ń rọra wo ilẹ̀ bí wọ́n bá ń ta òróró síni lórí. Ṣé iwájú rẹ̀ ni òun máa wá kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ sí lẹ́bàá ọ̀nà? Àti pé òróró àdúrà ni. Ọlọ́run tó ni òróró kò ní jẹ́ kó pa ọmọ.

"N ò rí ẹnikẹ́ni," ló wí.

Òótọ́ ni, àbí? Kò rí ẹnikẹ́ni. Òun alára ló wà níbẹ̀. Irú òótọ́ bẹ́ẹ̀, irọ́ sàn jù ú lọ.

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án," ni Àrìnkẹ́ sọ fún Olútúndé.

"Ó dáa. Á jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra."

Wọ́n tún gbéra. Àwọn ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ Bíbélì wọn. Ìyá Dúrótoyè di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n àdúrà náà kò lọ. Bó bá ti dé ibì kan, á kan ọ̀rọ̀ tí kò sọ. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Àrìnkẹ́..." Àrìnkẹ́ ní, "Mà?" Ó ní, "Rọra máa wà á." Wọ́n kọjá ilé ìwé kan, wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí. Ó tún la ẹnu. Òógùn ti bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ sùtánà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn tán láyọ̀, òun á pe Olútúndé ní kọ̀rọ̀, òun á sì sọ fún un. Ẹ wo àgbà! Ó fẹ́ jẹ́wọ́ lẹ́yìn ewu.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà dé. Àpáta ga lápá ọ̀tún, apá òsì sì já wálẹ̀ sínú oko kòkó. Nísàlẹ̀ pátápátá, afárá tóóró kan wà. Tìpá kan tí táyà rẹ̀ bẹ́ dúró sórí afárá náà gbọnrangandan, àwọn ọkùnrin mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ sídìí rẹ̀. Kò sí àyè tí ẹnikẹ́ni lè gbà kọjá.

Àrìnkẹ́ tẹ bíréèkì, ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òkúta, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò gbọ́. Ó gbé ẹsẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gbé e, ó tún tẹ̀ ẹ́. Èéfín bo iwájú.

"Afẹ́fẹ́ ni," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Olútúndé ní kí n máa tẹ̀ ẹ́. Á gbé e. Á gbé e."

Ẹsẹ Bíbélì dákẹ́ lẹ́yìn. "Mọ́mì?" ni Ìníolúwa pè. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nínú wọn na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, kò rí ohun tó máa fà. Igi ń sáré kọjá lójú fèrèsé. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ìsàlẹ̀ yẹn gbé orí sókè, ó rí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju apá.

Ìyá Dúrótoyè ń wo ẹsẹ̀ Àrìnkẹ́. Ẹsẹ̀ náà ń lọ sókè sódò, ó ń ṣe ohun tí mẹkáníìkì ní kó ṣe, mẹkáníìkì sì sọ ọ́ nítorí ohun tí òun Ìyá Dúrótoyè sọ. Irọ́ òun ni ọmọ yìí ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Wọ́n á kú síbẹ̀. Ọmọ méje á kú síbẹ̀ nítorí pé ojú ń ti òun.

"Má tẹ̀ ẹ́ mọ́!" ló ké. "Kì í ṣe afẹ́fẹ́! Òróró ni! Èmi ni mo dà á sí i! Àrìnkẹ́, èmi ni!"

Àrìnkẹ́ kò wò ó. "Tẹ̀yìn ńkọ́? Ṣé ẹ dà á sí tẹ̀yìn?"

"Rárá! Iwájú nìkan! Tẹ̀yìn wà nínú agolo!"

Àrìnkẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ó já jíà wálẹ̀ sí èyí tó lọ́ra jù, ẹ́ńjìnnì hó bí ẹranko tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ó di bíréèkì ọwọ́ mú, èyí tó ń dá táyà ẹ̀yìn dúró, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń dá a dúró, ó tún ń fà á. Ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọ̀n, ó fẹ́ yí lọ sínú oko kòkó. Ó tún un darí. "Ẹ di ara yín mú!" ló kígbe, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha àpáta. Irin ké, gíláàsì fọ́, àwọn ọmọ ń lura wọn, kò sì sí bẹ́líìtì kan tó di ẹnikẹ́ni mú. Ó ha á, ó ha á, títí ọkọ̀ náà fi dúró. Ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó dé ìdí tìpá.

Pamílẹ́rìn figbe ta, ni gbogbo wọn bá figbe ta.

Èéfín tó wà níwájú ń pọ̀ sí i. Ìyá Dúrótoyè fò kọjá sẹ́yìn pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. Àpáta ti dí ti ọ̀tún pa, ti òsì sì há bó ṣe wà. Ó ń ké pé, "Ẹ gbà wá! Àwọn ọmọ wà nínú ẹ̀!" Awakọ̀ tìpá ló fi irin la bùútù láti ìta, òun àti àwọn méjì tó kù sì ń gbé àwọn ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá ń kà wọ́n. Nígbà tó ka méje tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Ètè ọmọ kan bẹ́. Ọrùn ọwọ́ Ìníolúwa ti kán, ó wú, ó sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ìyókù kò fara pa jùyẹn lọ.

Àwọn èèyàn ti ń tú jáde láti inú oko. Obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn rí sùtánà Màmá, ó rí òróró tó ń dán lára táyà òsì, ó fi ọwọ́ lérí.

"Yéè! Òróró àdúrà! Ẹ wá wò ó! Òróró ló dá ọkọ̀ yìí dúró!"

Awakọ̀ tìpá ṣí fìlà. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ àdúrà. Ẹ̀yin lẹ gba àwọn ọmọ yìí." Ẹnìkan dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹlòmíràn dá orin ọpẹ́, wọ́n sì gbè é.

Àrìnkẹ́ ń fi gèlè rẹ̀ di ọwọ́ Ìníolúwa. Ó gbé ojú sókè, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Kò ní sọ ọ́. Wọ́n kọ́ ọ nílé, kì í tú àṣírí ìyá ọkọ níta. Àwọn ọmọ gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa gba ọ̀rọ̀ ọmọdé gbọ́ níwájú ìyá ìjọ? Ẹ̀rí iṣẹ́ ìyanu ti délẹ̀ fún Ìyá Dúrótoyè, ó kàn yẹ kó dákẹ́ ni. Dídákẹ́ náà sì rèé, ẹ ti rí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Obìnrin ọlọ́mọ náà fi ìka nu òróró lára táyà, ó sì yí ọmọ rẹ̀ wá síwájú láti fi kàn án níwájú orí.

"Má fi kan ọmọ rẹ!"

Ohùn Màmá le débi pé orin náà já lẹ́nu wọn.

"Kì í ṣe òun ló gbà wọ́n," ló wí. "Òróró kò ṣẹ̀, àdúrà kò sì ṣẹ̀. Èmi ni mo dà á síbi tí kò yẹ. Òun ni kò jẹ́ kí bíréèkì mú. Wọ́n bi mí, n ò sì sọ. Ìyàwó ọmọ mi ló gbà wọ́n."

Awakọ̀ tìpá dé fìlà rẹ̀ padà. Ẹnìkan pòṣé. Obìnrin náà nu ìka rẹ̀ mọ́ ìró, ó gbé ọmọ rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó sì ń wo Màmá láti òkè délẹ̀.

Wọ́n dá takisí kan tó ń bọ̀ dúró, pé kó gbé Ìníolúwa àti ẹni tí ètè rẹ̀ bẹ́ padà lọ sí ọsibítù n'Ídànrè. Awakọ̀ tìpá ní òun á dúró ti àwọn mẹ́rin tó kù títí àwọn òbí wọn á fi dé. Àwọn ọmọ méjèèjì tó fara pa àti Àrìnkẹ́ jókòó sẹ́yìn. Màmá wà níwájú, Pamílẹ́rìn sì wà lórí itan rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ọkọ̀ kò tíì gbéra tí ọmọ náà fi yíjú sí i.

"Màmá, nígbà tí Mọ́mì bi yín ní Atosin, ṣé ẹ ti mọ̀?"

Àrìnkẹ́ ní, "Pamílẹ́rìn, dákẹ́."

"Jẹ́ kó bi mí," ni Màmá wí. "Mo ti mọ̀, ọkọ mi."

"Ẹ wá jẹ́ ká wọlé?"

"Mo jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé."

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó lọ sẹ́yìn, ó sì fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ níbi tí kò fẹ́ẹ̀ sí àyè.